Béárì àti ajá oníjà: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí yíyan ohun tí a fi ń lé wọn

Béárì kì í sábà wá ènìyàn jà, ajá tó pọ̀ jù náà kì í sì í gé ẹni tó ń kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọ̀kan bá kọjú sí yín, kò ní sí àyè láti ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ka ohun tí wọ́n kọ sára agolo. Ìdí nìyẹn tí mo fi kó àwọn ìbéèrè tí àwọn tó ń rìn nínú igbó, àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́, àwọn afìwéránṣẹ́ àti àwọn òbí máa ń béèrè jọ síbí. Ohun kan wà tí màá máa tún sọ: èyí tí ọwọ́ yín tètè tó, tí ẹ sì ti fi dánra wò, ló máa gbà yín, kì í ṣe èyí tí wọ́n polówó pé ó lágbára jù.

Kí ni wọ́n ń pè ní agolo ata béárì?

Agolo ata tí wọ́n fi afẹ́fẹ́ fún pọ̀ ni. Èròjà kan wà tó ń jẹ́ capsaicin, òun ló ń mú kí ata máa ta ènìyàn lẹ́nu. Wọ́n yọ ọ́ lára ata, wọ́n pò ó mọ́ ohun olómi, wọ́n sì rọ ọ́ sínú agolo pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tí yóò máa tì í jáde. Bí ẹ bá tẹ orí agolo náà, ìkùukùu aláwọ̀ ọsàn ló máa tú jáde, kò ní lọ tín-ín-rín bí omi tó ń jáde lẹ́nu fèrè. Béárì tó bá sáré wọ inú ìkùukùu yẹn, ojú rẹ̀ á dé, imú àti ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ á wú, èémí á nira fún un, ìjà á sì kúrò lọ́kàn rẹ̀. Kò ní kú, ojú rẹ̀ kò sì ní fọ́. Tó bá pẹ́ díẹ̀, ara rẹ̀ á balẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ ju ohun mìíràn lọ nìyẹn: ènìyàn á padà sílé, ẹranko náà á padà sínú igbó rẹ̀.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àbí ọ̀rọ̀ ìpolówó ọjà ni?

Ó ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rí sì wà. Ní ọdún 2008, Tom Smith, Stephen Herrero àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, tí wọ́n jẹ́ olùwádìí nípa béárì, gbé ìwádìí kan jáde lórí ìṣẹ̀lẹ̀ 83 tí àwọn ènìyàn ti lo agolo ata ní Alaska, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, láti 1985 títí di 2006. Nígbà tí wọ́n fín in sí béárì búráùn, ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún ló fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀. Ti béárì dúdú jẹ́ ìdá 90. Ìdá 98 nínú àwọn tó mú agolo náà lọ́wọ́ ni béárì kò ṣe léṣe rárá. Àwọn mẹ́ta tó fara pa, ọgbẹ́ wọn kò tó ohun tí a ń dá ènìyàn dúró sí ọsibítù fún.

Ẹ má wá torí ìyẹn rò pé oògùn àjẹsára ni. Kì í ṣe gbogbo béárì inú ìṣirò yẹn ló ń bọ̀ wá jà. Òmíràn kàn ń wá oúnjẹ kiri ni, òmíràn sì kàn fẹ́ mọ ohun tí ẹ jẹ́. Èyí tó ti pinnu láti kọlu ènìyàn le ju ìyẹn lọ. Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tí ẹni tí kì í ṣe ọdẹ lè mú dání, n kò mọ èyí tó sàn jù ú lọ.

Ìbọn ńkọ́?

Àwọn olùwádìí kan náà wo ọ̀rọ̀ ìbọn ní ọdún 2012. Wọ́n kó ìṣẹ̀lẹ̀ 269 jọ ní Alaska, láti 1883 títí di 2009. Ìbọn ìléwọ́ dá béárì dúró ní ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún, ìbọn gígùn ní ìdá 76. Ohun tó yẹ kó mú wa ronú ni pé kò sí ìyàtọ̀ gidi láàárín àwọn tó yìnbọn àti àwọn tó ní ìbọn lọ́wọ́ ṣùgbọ́n tí wọn kò yìn ín: bákan náà ni wọ́n ṣe ń fara pa.

Kò ṣòro láti rí ìdí rẹ̀. Béárì tó ń sáré ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún, orí rẹ̀ wà nílẹ̀, ọwọ́ ẹni tó mú ìbọn ń gbọ̀n, ọta kan ṣoṣo ló sì gbọ́dọ̀ bá ibi tó yẹ. Bí ọta bá kàn gbà á lára gbẹ̀rẹ́, ẹranko tó gbọgbẹ́ ni ẹ ní níwájú báyìí. Ìkùukùu ata kò béèrè irú ojú bẹ́ẹ̀. Kí ó sáà wà láàárín ẹ̀yin àti òun ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ ni ilẹ̀ yìnyín níbi tí béárì funfun wà. Ní Svalbard, àwọn erékùṣù Norway tó wà ní ìhà àríwá, òfin ní kí ẹni tó bá jáde kúrò ní ìlú ní ohun tó tọ́ tí yóò fi dẹ́rù ba béárì tí yóò sì fi lé e lọ lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ sì máa ń mú ìbọn mọ́ ọn. Ẹ má dá lọ síbẹ̀. Ẹ bá ẹni tó mọ ilẹ̀ náà rìn.

Kí ni kí n wò lára agolo kí n tó sanwó?

Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé béárì ni wọ́n ṣe é fún. Ní Amẹ́ríkà, EPA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àyíká, ló ń forúkọ irú agolo bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ sì máa ń wà lára agolo náà. Capsaicin àti àwọn ìbátan rẹ̀ inú rẹ̀ máa ń wà láàárín ìdá 1 sí 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tó wà nínú agolo kò gbọ́dọ̀ dín ní gíráàmù 225, kí ó lè ta dé nǹkan bíi mítà 8, kí ó sì lè tú fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà ó kéré tán kó tó tán. Tí owó bá wà, ẹ ra èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀. Ẹ lè pàdé béárì nígbà tí ẹ ń lọ, kí ẹ sì tún pàdé òmíràn nígbà tí ẹ ń bọ̀.

Wọ́n máa ń fi nọ́ńbà ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Scoville, tó ń sọ bí ata ṣe ta tó, polówó ọjà. Ẹ má jẹ́ kó fà yín lójú mọ́ra. Ó lè jẹ́ pé ti òróró ata nìkan ni wọ́n ń sọ, kí wọ́n tó bu omi mìíràn là á. Iye capsaicin tó wà nínú agolo gan-an ló ṣe kókó.

Ẹ wo ọjọ́ tí lílò rẹ̀ parí. Ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Ata inú rẹ̀ kì í tètè bàjẹ́, afẹ́fẹ́ tó ń tì í jáde ló máa ń jò díẹ̀díẹ̀. Agolo tó ti pẹ́ lè kàn tú pẹ̀ẹ́ sí ẹsẹ̀ ẹni tó mú un.

Mo ti ní ata kékeré tí wọ́n ń fín sí ọlọ́ṣà lójú. Ṣé kò tó?

Kò tó. Ó kéré, kì í lọ jìnnà, òmíràn sì ń jáde tín-ín-rín tó fi jẹ́ pé ojú ẹni náà gan-an lèèyàn gbọ́dọ̀ fi lé. Tí béárì bá ti sún mọ́ yín dé ibi tí irú èyí yóò bá a, ó ti pẹ́ jù.

Ibo ni kí n fi agolo náà sí nígbà tí mo bá ń rìn?

Ìgbáàyà tàbí ìbàdí, nínú àpò tí wọ́n ṣe fún un, tí ọwọ́ tí ẹ ń lò lè fà á yọ láìwo ibẹ̀. Kì í ṣe inú báàgì ẹ̀yìn. Kì í ṣe inú mọ́tò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Béárì grizzly, tó jẹ́ irú béárì búráùn kan, lè sá eré tó tó kìlómítà 56 ní wákàtí kan. Ìyẹn ni pé ó ń gé ju mítà 15 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ó bá yọ láti inú igbó tó jìnnà sí yín ní mítà 30, ìṣẹ́jú-àáyá méjì ló kù. Ta ló lè bọ́ báàgì sílẹ̀, kó ṣí i, kó tú aṣọ òjò kúrò lórí agolo, kó sì yọ ìdènà rẹ̀ láàárín àsìkò yẹn? Lójú tèmi, agolo tó wà ní ìsàlẹ̀ báàgì burú ju kí ènìyàn má ní rárá, torí ọkàn ti balẹ̀ lórí ohun tí kò sí.

Bí ẹ bá pọ̀, kí olúkúlùkù mú tirẹ̀. Ẹni tó mú un lè jẹ́ ẹni tí béárì kọ́kọ́ wó lulẹ̀. Lálẹ́, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ orí yín nínú àgọ́, níbi tí ọwọ́ lè wá a kàn nínú òkùnkùn.

Báwo ni a ṣe ń fín in?

Ẹ fi àtàǹpàkò fa ike ìdènà orí rẹ̀ sẹ́yìn kí ó bọ́. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di agolo mú, torí pé yóò tì yín lọ́wọ́ díẹ̀ tó bá ń jáde. Ẹ wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gbà. Ẹ má ṣe dojú rẹ̀ kọ òkè orí béárì, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, sí iwájú rẹ̀, kí ìkùukùu lè tàn kálẹ̀ kó sì dìde sókè bí ògiri tí ẹranko náà yóò sáré wọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ ẹ́ nígbà tó bá kù bíi mítà 9. Ẹ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì tàbí mẹ́ta, ẹ dúró, ẹ wò ó. Bí ó bá ń bọ̀ síbẹ̀, ẹ tún tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì fojú sí iwájú orí rẹ̀ tààrà.

Tó bá ti yí padà, ẹ má ṣe lé e, ẹ má sì dúró máa wò ó. Ẹ kúrò níbẹ̀ kíákíá láìsáré, kí ẹ lọ sọ fún àwọn tó ń ṣọ́ igbó náà.

Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń ta agolo ìdánrawò tí kò ní ata nínú. Ẹ ra ọ̀kan. Ẹ jáde sí gbangba, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan máa yí nǹkan kan bọ̀ wá bá yín lójijì, kí ẹ fà á yọ, kí ẹ bọ́ ìdènà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Kì í ṣe ọjọ́ ogun là ń kọ́ ọfà títa. Ọ̀rọ̀ àwọn tí ọwọ́ wọn dákú lórí ìdènà ike kékeré yẹn máa ń dùn mí, torí ohun tí ìdánrawò ìrọ̀lẹ́ kan ìbá ti tún ṣe ni.

Afẹ́fẹ́, òjò àti òtútù ńkọ́?

Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sójú yín lè gbé ata padà fún yín. Nínú ìwádìí 2008 yẹn, afẹ́fẹ́ dí i lọ́wọ́ nínú nǹkan bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún, síbẹ̀ ata dé ọ̀dọ̀ béárì. Bí àyè bá wà, ẹ sún sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí kò bá sí, ẹ fín in bẹ́ẹ̀. Ojú tó ń ta ènìyàn sàn ju èékánná béárì lọ.

Òtútù máa ń dín agbára afẹ́fẹ́ inú agolo kù, kì í sì í lè ta jìnnà mọ́. Ní ibi tí omi ti ń dì, ẹ fi í sábẹ́ aṣọ òkè kí ara yín máa mú un lọ́wọ́ọ́wọ́.

Ṣé mo lè fín in sára àgọ́ tàbí báàgì mi kí béárì má wá síbẹ̀?

Rárá o! Kì í ṣe bí oògùn ẹ̀fọn. Lójú àti nímú béárì ló ti ń ṣiṣẹ́, nígbà tó bá ṣì wà nínú afẹ́fẹ́. Tó bá ti balẹ̀, òórùn ata àti òróró ló kù, ìyẹn sì ń pe béárì ni. Ní ọdún 1998, Tom Smith kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rí i tí àwọn béárì búráùn ń wá sí ibi tí ata náà ti dà sí, tí wọ́n ń yí ara wọn mọ́ ọn. Nítorí náà, bí ó bá dà sára ẹrù yín, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ṣaworo tí wọ́n ń so mọ́ báàgì, họ́ọ̀nù alágolo, bàǹgà: èwo ló dára nínú wọn?

Ṣaworo kò dún tó. Tí odò bá ń hó nítòsí tàbí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, béárì kò ní gbọ́ ọ títí ẹ ó fi dé orí rẹ̀. Ohùn ènìyàn ló dára jù. Ẹ máa sọ̀rọ̀, ẹ máa pàtẹ́wọ́ ní ibi tí ọ̀nà ti kọ́rọ́ tàbí tí igbó ti dí, ẹ máa kọrin tó bá wù yín. Béárì tó bá mọ̀ pé ẹ ń bọ̀ sábà máa ń yà kúrò lọ́nà kí ẹ tó rí i.

Họ́ọ̀nù alágolo wúlò fún béárì tó ṣì jìnnà, tàbí èyí tó wá ń yọjú sí àgọ́. Ó ń dún, ó ń lé e, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Bàǹgà, ìyẹn ọta aláriwo tí ń bú gbàù lójú ọ̀run, lágbára ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n ó gba ọgbọ́n. Bí ó bá fò kọjá orí béárì kó tó bú, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ariwo ti dún, iwájú, níbi tí ẹ wà, ló sì máa sá gbà. Ó sì lè dáná sí igbó gbígbẹ. N kò ní gba ẹni tí wọn kò kọ́ nímọ̀ràn pé kó mú un.

Mo fẹ́ sun inú igbó. Kí ló ń dáàbò bo àgọ́?

Oúnjẹ tí béárì kò gbóòórùn rẹ̀ nítòsí yín ni ààbò àkọ́kọ́. Ẹ má ṣe kó oúnjẹ, ọṣẹ, ìfọyín tàbí ìpara olóòórùn wọ àgọ́. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú agolo líle tí béárì kò lè ṣí, ẹ gbé e jìnnà sí ibi tí ẹ ń sùn. Àwọn ọgbà ẹranko kan ti fi agolo yìí sínú òfin wọn.

Fún àwọn tó máa pẹ́ níbì kan, wáyà oníná ni mo fọwọ́ sí. Èyí tó ṣeé ká sínú báàgì wà, bátìrì ló sì ń lò. Béárì á fi imú kan án, iná á gbá a, á sá lọ. Kò nílò kí ẹnikẹ́ni jí. Ibi ìpàgọ́ ní Brooks Camp, nínú ọgbà Katmai ní Alaska, tí béárì búráùn pọ̀ sí yanturu, wáyà oníná ni wọ́n fi yí i ká.

Tí mo bá rí béárì, ṣé kí n fín in lójú ẹsẹ̀?

Ó dá lórí bí ó ti jìnnà tó. Ní ọgbà Yellowstone ní Amẹ́ríkà, òfin ni pé kí ènìyàn jìnnà sí béárì ní mítà 91 ó kéré tán. Ní ọgbà Denali ní Alaska, nǹkan bíi mítà 275. Bí kò bá tíì rí yín, ẹ rọra padà. Bí ó bá ti rí yín, ẹ dúró, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀ kí ó mọ̀ pé ènìyàn ni yín, ẹ fa agolo yọ, ẹ sì máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ẹ má sáré láé. Ẹ má gun igi, béárì dúdú mọ igi í gùn jù yín lọ.

Tí agolo bá ti tán tàbí tí ó bọ́ lọ́wọ́, irú béárì tó jẹ́ ló máa sọ ohun tí ẹ ó ṣe. Béárì búráùn ní iké lórí èjìká. Béárì dúdú kò ní in. Ẹ má fi àwọ̀ dá wọn mọ̀, torí béárì dúdú lè pupa bí ilẹ̀. Bí béárì búráùn tí ẹ bá lójijì bá gbá yín mú, ẹ dojú bolẹ̀, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀yìn ọrùn, ẹ ya ẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kí báàgì wà lẹ́yìn yín, ẹ dákẹ́ títí tí yóò fi lọ. Bí béárì dúdú bá kọlù yín, ẹ bá a jà, ẹ máa lù ú lójú àti nímú. Èyíkéyìí tó bá sì wọ inú àgọ́ wá bá yín, tàbí tó ti ń tọ yín lẹ́yìn tipẹ́, ìjà ni.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ajá. Ṣé mo lè lo agolo ata béárì fún ajá?

Yóò dá ajá dúró, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ẹ fẹ́ rà fún òpópónà. Ìkùukùu rẹ̀ pọ̀ jù fún ibi tí àwọn ènìyàn wà. Ọmọ tó ń ṣeré lójúde lè fà á símú. Ní Amẹ́ríkà, ó tún lòdì sí òfin láti lo irú ọjà yìí fún ohun tí wọn kò kọ sára rẹ̀.

Agolo ata ajá wà lọ́tọ̀. Èyí tí àwọn afìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà ti ń mú dání láti ọ̀pọ̀ ọdún ní capsaicin tó jẹ́ ìdá 0.35 péré nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń ta dé nǹkan bíi mítà mẹ́ta. Ó ṣeé so mọ́ bẹ́líìtì, ó ṣeé so mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ni fún wọn: ní ọdún 2024, ajá kọlu àwọn òṣìṣẹ́ àjọ ìfìwéránṣẹ́ náà ní ìgbà tó lé ní 6,000.

Fún ibi tí òfin kò ti gba ata, wọ́n ń ta sípíréè tí wọ́n fi òróró citronella ṣe, mọ̀lẹ́bí ewé tíì. Òórùn rẹ̀ ló ń lé ajá, kì í ta á. Ó lè ya ajá tó kàn ń gbó tàbí àwọn méjì tó ń fẹ́ bá ara wọn jà. Ajá tó ti pinnu kò ní kà á sí.

Ẹ̀rọ olóhùn tí etí ènìyàn kì í gbọ́ ńkọ́?

Etí ènìyàn kì í gbọ́ ju 20,000 Hz lọ, ti ajá sì lè dé nǹkan bíi 45,000. Orí ìyẹn ni wọ́n gbé ẹ̀rọ náà lé. Ajá kan á gbọ́ ọ, á dúró, á tẹ orí. Òmíràn á gbọ́ ọ, á sì tún máa bọ̀. Ajá arúgbó tí etí rẹ̀ ti di kò tilẹ̀ ní gbọ́ nǹkan kan. Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ajá tí inú ti bí kọjá ààlà náà kì í gbọ́ ti ẹ̀rọ. Ẹ lè fi ṣe àfikún, ẹ má fi ṣe igi lẹ́yìn ọgbà.

Ajá ń sáré bọ̀. Kí ni kí n ṣe kí n tó fín nǹkan?

Ẹ dúró. Eré ni yóò mú kó lé yín. Ẹ yí ẹ̀gbẹ́ sí i, ẹ má wò ó lẹ́yinjú, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ fi ohùn líle tí kò ga sọ fún un pé kó máa lọ sílé. Ọ̀pọ̀ ajá máa dúró níbẹ̀, wọ́n á gbó, wọ́n á sì padà. Ẹ máa rọra fà sẹ́yìn. Ẹ fi ohunkóhun sí àárín ẹ̀yin àti òun: báàgì, agbòòrùn, àga. Tí ẹ bá wà lórí kẹ̀kẹ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ fi kẹ̀kẹ́ náà ṣe odi.

Ajá tó ń rìn kiri sábà máa ń sá tó bá rí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni fẹ́ ṣa òkúta. Ẹ ṣe é nígbà tó bá ṣì jìnnà nìkan. Tó bá ti sún mọ́ yín, ojú yín ni ẹ ń gbé sọ̀ kalẹ̀ fún eyín rẹ̀.

Ara tó le gan-an, ojú tó wò ṣùn-ùn, ètè tó ká sókè àti kíkùn láìgbó ni àmì pé ó ń bọ̀ wá jà. Ìgbà yẹn ni kí ẹ fín in, sí ojú àti imú. Bí ó bá wó yín lulẹ̀, ẹ ká ara yín jọ bí ìgbín, ẹ fi ọwọ́ bo etí àti ọrùn. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní èyí kí wọ́n tó tó ilé ìwé í lọ. Ọmọdé kò gbọ́dọ̀ mú agolo ata dání, ṣùgbọ́n ó lè mọ bí a ṣe ń dúró bí igi.

Mo máa ń mú ajá tèmi lọ sínú igbó. Ṣé kò lè lé béárì fún mi?

Ó lè gbé béárì wá bá yín. Ajá tí kò sí lókùn á lọ gbó mọ́ béárì, béárì á yí sí i, ajá á sì sáré padà sọ́dọ̀ olówó rẹ̀ pẹ̀lú béárì lẹ́yìn. Ẹ so ó mọ́ okùn kúkúrú, tàbí kí ẹ fi í sílé.

Ajá ti gé mi jẹ. Kí ló kàn?

Ẹ fi omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, bó ti wù kó kéré tó. Kí ẹ sì gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró wò ó bóyá ajá náà yóò ya wèrè. Dìgbòlugi ni ìdí rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ajá ló ń kó o ran ènìyàn nínú ohun tó tó ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún. Tí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sẹ́ni tó ń yè é. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tí wọ́n bá gún ní kíákíá, kí àmì tó yọ, ń dá a dúró. Ẹ dákun, ẹ má fi ewé tàbí epo bo ọgbẹ́ náà kí ẹ sì jókòó sílé.

Ata ọ̀hún bà mí lójú. Ṣé ojú mi máa fọ́?

Kò ní fọ́. Ẹ bọ́ sí ibi tí afẹ́fẹ́ tútù wà, ẹ má fi ọwọ́ ra ojú. Bí ẹ bá wọ lẹ́ǹsì sínú ẹyinjú, ẹ yọ ọ́. Ẹ da omi tútù sí ojú fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ẹ máa ṣẹ́jú. Ẹ fi ọṣẹ fọ awọ ara, ẹ má fi ìpara olóròóró pa á, torí ata á wọ inú rẹ̀ lọ. Ó máa ń rọlẹ̀ láàárín bíi wákàtí kan. Ẹni tó ní ásímà, tí èémí rẹ̀ kò bá já gaara, kó lọ rí dókítà.

Ṣé mo lè gbé e wọ bàálù tàbí sọdá ibodè?

Ẹ kò lè gbé agolo ata béárì wọ bàálù èrò ní Amẹ́ríkà tàbí Kánádà, ì báà jẹ́ lọ́wọ́, ì báà jẹ́ nínú ẹrù ìsàlẹ̀. Ẹ rà á nígbà tí ẹ bá débẹ̀. Tó bá jẹ́ bàálù kékeré tó ń balẹ̀ sórí omi ní Alaska ni, ẹ sọ fún awakọ̀ náà. Inú ẹsẹ̀ tí bàálù fi ń léfòó ni wọ́n sábà máa ń fi agolo sí, kó má baà bú mọ́ ẹni tó ń wa ọkọ̀ lójú.

Òfin yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ní Amẹ́ríkà, ọgbà Yellowstone àti ọgbà Glacier ń gba àlejò níyànjú láti mú un dání, ọgbà Yosemite kò fẹ́ rí i rárá. Ní Kánádà, ó tọ́ fún béárì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú un dání nítorí ènìyàn ti ṣẹ̀ sí òfin. Ní Jámánì, èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ẹranko ni wọ́n ṣe é fún kò ní wàhálà. Ní Ìlú Ọba, òfin ìbọn ọdún 1968 ka ata fífín mọ́ ohun ìjà tí a kò gbọ́dọ̀ ní, nítorí náà họ́ọ̀nù tàbí ọ̀pá ni kí ẹ bá ajá pàdé níbẹ̀.

Ẹ má fi agolo sílẹ̀ nínú mọ́tò tí oòrùn ń pa. Tí ooru bá kọjá bíi 49°C, ó lè bú, mọ́tò náà kò sì ní ṣeé wọ̀ fún ọjọ́ pípẹ́.

Owó mi kò ká ju ẹyọ kan lọ. Èwo ni kí n rà?

Bí igbó tí béárì wà lẹ ń lọ, agolo ata béárì, tó ní àpò ìbàdí, tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Bí ó bá jẹ́ òpópónà ni ajá ti ń dà yín láàmú, agolo ata ajá. Níbi tí òfin kò ti gbà á, họ́ọ̀nù alágolo kékeré àti ọ̀pá ìtìlẹ̀ tó gùn. Kí ẹ tó jáde kúrò nílé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ so ó mọ́ra, ẹ fà á yọ nígbà mẹ́wàá, kí ẹ sì rí i dájú pé ọwọ́ yín mọ ibi tí ìdènà rẹ̀ wà.